Pósítà Tí Kò Ní Ìrù

Mo rántí ìgbà tí òórùn sítáàsì máa ń bá mi sùn. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. A ó pò ó sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, a ó da omi híhó lé e, a ó máa rò ó títí yóò fi ki, tí yóò máa fà, lẹ́yìn náà a ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó di ojú títì. Iṣẹ́ mi nìyẹn ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo háyà yàrá kan ní Agbowó, tí mo sọ fún àwọn ará ilé pé ìwé ni mò ń kà. Ìwé náà ni mò ń kà lóòótọ́, àmọ́ ara ògiri ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, mo gbọ́n lójú ara mi, èékánná mi kì í sì í mọ́.

Ẹgbẹ́ òṣèré kan ni mò ń lẹ pósítà fún. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Challenge ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, ọ̀gá wọn sì jẹ́ àgbàlagbà kan tó ti fi eré orí ìtàgé la ilẹ̀ Yorùbá já nígbà tí ayé ṣì dùn. Ìgbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ayé kò dùn mọ́. Fídíò ti dé, àwọn èèyàn ń jókòó sí pálọ̀ wọn wo eré, àga inú gbọ̀ngàn sì ń ṣófo. Ọ̀gá kò gbà. Ó ní bí pósítà bá dára, ògiri á bá òun pe èrò. Pósítà tiwọn, apá méjì ni. Apá òkè là ń pè ní orí, àwòrán ló wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ìlú tí wọ́n bá fẹ́ lọ. Apá ìsàlẹ̀ ni ìrù, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń tẹ̀ fún ìlú kọ̀ọ̀kan, tí orúkọ eré, gbọ̀ngàn, ọjọ́ àti aago wà lára rẹ̀. Orí la kọ́kọ́ ń lẹ̀, a ó wá lẹ ìrù mọ́ ọn nídìí. Òfin kan ṣoṣo tí ọ̀gá fún mi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyí: "Má lẹ orí kí o má lẹ ìrù o. Orí tí kò nírù, irọ́ là ń pa fáráyé." Mo mi orí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó lásán ni.

Kì í kúkú ṣe iṣẹ́ náà ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn, àìsàn kan tó ń ṣe mí ni. Láti kékeré ni mo ti máa ń kó ohun eré jọ. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fà ya, ìwé ìléwọ́ tí wọ́n pín lẹ́nu ọ̀nà, irùngbọ̀n ọba tí wọ́n fi òwú ṣe, bàtà ẹsẹ̀ kan tí òṣèré kan gbàgbé, gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí onírin kan lábẹ́ ibùsùn mi. Bí òjò bá ti rọ̀ ní Agbowó, ẹ ó rí mi lójú títì tí mò ń bó pósítà tó ti rọ̀ kúrò lára ògiri, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tò síwájú ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Orí máa ń bó dáadáa. Ìrù ni kì í ṣeé bó, nítorí ìwé rẹ̀ fẹ́lẹ́, wẹ́wẹ́ ló ń ya. Ẹni tó bá sì ní orí láìní ìrù, kí ló ní? Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìrù kọ̀ọ̀kan pamọ́ nínú ìdì tí wọ́n bá gbé fún mi, kí n tó fọwọ́ kan sítáàsì rárá. Orí tó bá ṣẹ́kù, màá dá a padà, màá ní ìrù rẹ̀ ló ya. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbà tó yá, ọ̀gá ní òun kò fẹ́ rí orí kankan kó padà wálé mọ́, nítorí ìwé wọ́n.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ti wo inú àpótí náà rí. Òun ni obìnrin tó máa ń ṣe ìyàwó àti olorì nínú eré wọn, Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. Ó fi bí ọdún márùn-ún jù mí lọ, ó máa ń fi búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀ dè mí nígbà ìdánrawò, kò sì fi àpótí mi rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń ṣí àwọn ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tú aṣọ òkè ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ yìí, bí gbogbo wa bá lọ tán, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n á ti máa wá wa." Inú mi dùn fún odindi oṣù kan.

Ọmọ Ìbàdàn gidi ni. Baba rẹ̀ jẹ́ Alájì tó ń ta irin ìkọ́lé ní Dùgbẹ̀, tó kọ́lé sí àdúgbò kan lẹ́yìn Ring Road, tó sì kọ́ ràtìbì kékeré síwájú ilé náà, níbi tí àwọn ará àdúgbò ti ń kírun. Ìyá Àǹtí ti kú tipẹ́, baba yìí ló dá tọ́ ọ. Nígbà tí Àǹtí wọ ẹgbẹ́ òṣèré, baba ní òun kò bí ọmọ tí ọkọ ọlọ́kọ yóò máa dì mọ́ lójú èrò, ọdún mẹ́ta gbáko ni kò sì fi bá a sọ̀rọ̀. Àmọ́ lọ́dún tí mò ń sọ yìí, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, ó ránṣẹ́ sí i. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, tí ojú rẹ̀ ń tàn: "Baba mi ní kí n wálé wá kí àwọn. Wọ́n ní ìbínú ò lè tóbi ju ọmọ lọ. Tá a bá ti ìrìn-àjò yìí dé, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa gbà lọ tààrà."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá gbé ọgbọ́n tuntun dé. Nínú eré tí wọ́n fẹ́ ṣe, ìyàwó kan kú. Ọ̀gá ní kí wọ́n tẹ pósítà rẹ̀ bí pósítà òkú: fótò Àǹtí láàárín, ìlà dúdú yí i ká, "Ó DÁGBÉRE FÁYÉ" lókè, kò sí orúkọ, kò sí nǹkan mìíràn. Ìrù ni yóò sọ pé eré ni. Ó ní kò sí ará Ìbàdàn tó lè kọjá lára pósítà òkú láìwo ẹni tó kú. Àǹtí ní, "Ọ̀gá, mo mà ní baba láyé o." Ọ̀gá dáhùn pé, "Ṣebí ìrù wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀wé kà, á kà á dé ìsàlẹ̀." Àǹtí rẹ́rìn-ín, ó gbà. Èmi ní tèmi, bí pósítà náà yóò ṣe rí nínú àpótí mi ni mò ń rò. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbéra lọ sí Ọ̀ṣogbo. Wọn yóò ti ibẹ̀ dé Iléṣà, wọn yóò sì padà ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, ọjọ́ kan ṣáájú eré ti Ìbàdàn. Èmi nìkan ló kù sẹ́yìn pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, orí ogójì àti ìrù ogójì. Kí n tó jáde nílé ni mo ti yọ ìrù tó mọ́ jù lọ sínú àpótí. Ní ti orí, mo mọ̀ pé màá bó ọ̀kan lára ògiri tí eré bá parí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Agbowó, mo gba Bódìjà, mo dé Dùgbẹ̀, mo bọ́ sí Ring Road nígbà tí oòrùn ti ń mú. Níkẹyìn, orí kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi, ìrù sì ti tán. Mi ò lè gbé e padà fún ọ̀gá. Mo lè fà á ya, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó ìwé jọ kì í lè fa ìwé ya. Mo yà sí àdúgbò kan tí mi ò dé rí, mo rí ògiri ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán, mo fi sítáàsì tó kù ní ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ràtìbì kékeré kan wà níwájú rẹ̀. Mo tilẹ̀ rántí pé mo fi omi inú bútà wọn fọ ọwọ́ kí n tó máa lọ.

Ohun tó tẹ̀lé e, ẹnu Àǹtí ni mo ti gbọ́ díẹ̀, ẹnu àwọn ará àdúgbò ni mo ti gbọ́ ìyókù. Àárọ̀ Jímọ̀ ni, Alájì ti kírun Àsùbáà tán, ilẹ̀ ti mọ́, ó ń jáde bọ̀ ní ràtìbì, ó gbójú sókè, ó rí ọmọ rẹ̀ lára ògiri. Wọ́n ní kò sunkún. Ó ní kí wọ́n sáré dé Challenge. Wọ́n bá géètì ní títì, ọlọ́dẹ ní gbogbo wọn ti lọ sí ìrìn-àjò, òun kò mọ ibi tí wọ́n lọ. Alájì gbà á sí pé wọ́n lọ sin ọmọ náà láìsọ fún òun, nítorí òun ti sọ ọ́ lẹ́nu pé òun kò bí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin ilé wọn kan rí òmíràn ní oríta, èyí tó ní ìrù, ó sì kà á tán, àmọ́ ó rò pé àwọn òṣèré fẹ́ fi eré ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún un ni, kò fẹ́ tẹ baba lójú egbò. Fóònù alágbèéká kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa nígbà náà. Alájì jókòó sórí ẹní fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó pa àgbò, ó pe àwọn àáfà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ fídáù ọmọ rẹ̀.

Jímọ̀ yẹn ni Àǹtí sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Kò yà sí yàrá rẹ̀ rárá. Ó ru odindi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan tó rà fún baba rẹ̀ ní Iléṣà, ó wọ àdúgbò wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó rí àtíbàbà tí wọ́n pa, ó rí àwọn àáfà, ó rí àwọn obìnrin ilé tó ń bu ìrẹsì. Ó bi obìnrin àkọ́kọ́ tó kàn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló kú?" Àwo bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Àwọn kan sá. Baba nìkan ni kò kúrò níbi tó jókòó sí. Ó wò ó títí, ó ní kó sún mọ́ òun, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Àǹtí ní ọwọ́ baba gbóná, òun sì mọ̀ pé ayọ̀ ni. Ó wá kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé pé eré ni, pé ìpolówó ni, pé wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gbangba. Baba dìde. Ó fà á lọ́wọ́ lọ síwájú ògiri náà, gbogbo èrò tẹ̀lé wọn. Ó ní, "Fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí."

Kò sí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin ilé wá la ẹnu, pé ti oríta ní ìrù, pé gbogbo èyí tó wà ní Ring Road ló ní in. Ó rò pé òun ń gbèjà Àǹtí ni. Alájì gbọ́ ọ sí ọ̀nà mìíràn. Gbogbo ìlú ni wọ́n sọ fún pé eré ni, iwájú ilé tòun nìkan ni wọ́n ti fi pamọ́. Ó ní ọmọ náà ló rán wọn, kó lè gbẹ̀san ọdún mẹ́ta, kó lè fi ikú ara rẹ̀ ṣe òun ní yẹ̀yẹ́ lójú àwọn tó ń kírun lẹ́yìn òun. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Àdúrà tí a ti ṣe, a kì í gbà á padà. Ọmọ mi ti kú, ó pé ọjọ́ mẹ́jọ lónìí." Ó wọlé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà wà lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi pọ́n, tó sì rà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Àǹtí wá bá mi ní Agbowó. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó jókòó sí lọ́jọ́sí. Ojú rẹ̀ wú. Kò pariwo, kò bú mi.

"Ṣé ìwọ lo lẹ èyí tó wà níwájú ilé wa?"

Mo ní èmi ni.

"Ṣé o lẹ ìrù rẹ̀?"

Àpótí wà lábẹ́ ibùsùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún rẹ̀. Ìrù náà wà nínú rẹ̀, ó mọ́ tónítóní.

"Tó bá jẹ́ pé o gbàgbé ni, mi ò ní bínú. Ṣáà bá mi délé, kó o fẹnu ara rẹ sọ fún wọn. Lèmọ́mù ràtìbì wa ní baba mi á gbọ́ tí ẹni tó lẹ̀ ẹ́ bá wá."

Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Àmọ́ mo ro ọ̀gá, mo ro bí wọn yóò ṣe tú àpótí mi, tí wọn yóò pè mí ní olè, mo sì ro ojú tí Àǹtí fi ń wò mí látọjọ́ tó ti rí àwọn ìwé mi. Mo ní, "Mo lẹ̀ ẹ́, Àǹtí. Bóyá ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́." Ewúrẹ́ máa ń jẹ pósítà lóòótọ́, nítorí sítáàsì. Irọ́ tó bá jọ òótọ́ ló máa ń yá lẹ́nu.

Ó gbà mí gbọ́. Èyí ló ń dùn mí jù. Ó dìde, ó padà lọ sọ fún baba rẹ̀ pé ewúrẹ́ ló jẹ ìrù. Alájì kò jáde, ojú fèrèsé ló ti dá a lóhùn: "Ewúrẹ́ tó jẹ ìrù, tí kò fẹnu kan orí, ewúrẹ́ wo nìyẹn?" Àwọn tó wà níta rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rín yẹn ló ti ilẹ̀kùn náà pa.

Wọ́n ṣe eré ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Gbọ̀ngàn kún bí mi ò ti rí i kó kún rí, nítorí ìròyìn òkú tó bá fídáù ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ti dé Dùgbẹ̀. Àǹtí kú lórí ìtàgé bó ṣe yẹ kó kú. Wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n sunkún rẹ̀, wọ́n fa kọ́tìnì. Àwọn yòókù dìde láti lọ kí èrò, òun kò dìde. Ọ̀gá pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta ló dáhùn lábẹ́ aṣọ pé, "Mò ń bọ̀." Ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì ni mo dúró sí, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá ní kí n lọ bó gbogbo orí tó wà níta, kí n sun wọ́n. Mo bó wọn, mo sun wọ́n, mi ò dá ọ̀kan sí. Èyí tó wà níwájú ràtìbì nìkan ni mi ò bá níbẹ̀, mo rò pé wọ́n ti fà á ya.

Kó tó di pé òjò ọdún yẹn dáwọ́ dúró, Àǹtí ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọdé àdúgbò baba rẹ̀ ń pè é ní àkúdàáyà. Mo gbọ́ pé ọdọọdún, lọ́jọ́ ìtúnu, ó máa ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ràtìbì, baba yóò kírun tán, yóò gba iwájú rẹ̀ kọjá. Èmi náà máa ń sọ fún ara mi lọ́dọọdún pé tí ìtúnu bá dé, màá lọ. Mo rí Àǹtí ní Dùgbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo yà sínú ṣọ́ọ̀bù tí mi ò ní ohun tí mo fẹ́ rà níbẹ̀. Títí dòní, bí mo bá rí pósítà òkú lára ògiri, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Nígbà tó yá, baba náà kú. Wọ́n ní ẹ̀yìn èrò ni Àǹtí dúró sí lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Nígbà tí mo gbọ́, mo mọ̀ pé mi ò ní ibi tí màá lọ mọ́.

Apete ni mò ń gbé báyìí. Àpótí ti di yàrá kan gbáko, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá wo àwọn ohun tí mo kó jọ, wọ́n ń pè mí ní baba, wọ́n ń yìn mí. Mo to àwọn pósítà sínú àwọn ìwé ńlá. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tó ṣófo lókè, tí ìrù kan dá wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí, màá ní orí rẹ̀ ló sọnù.

Ọdún méjì sẹ́yìn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá kan tó wọ ìjáàbù funfun kan ilẹ̀kùn mi. Mi ò dá a mọ̀ àfi ìgbà tó pè mí bó ṣe máa ń pè mí: "Ìwọ yìí." Ó ní òun gbọ́ lẹ́nu ọmọ òun pé ọkùnrin kan ní Apete ń kó ohun eré àtijọ́ jọ, òun sì mọ̀ pé kò lè jẹ́ ẹlòmíràn. Wọ́n fẹ́ ta ilé baba wọn, wọ́n tú àpótí baba, wọ́n rí ìwé kan tí wọ́n ká sábẹ́ Kùránì. Ó ní, "Baba mi ló fọwọ́ ara wọn bó o. Wọn ò fà á ya." Ó nà án sí mi. Òun náà ni, láàárín ìlà dúdú, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ó ń wò mí. Ó ní òun rántí ohun tí òun sọ fún mi ní Agbowó, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ló yẹ kó wà.

Mo lọ bu omi fún un. Mo pẹ́ díẹ̀ nídìí omi náà, mo ń wá ojú tí màá fi padà wọlé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Nígbà tí mo dé, ó ti ṣí ìwé ńlá náà fúnra rẹ̀, ó ti tẹ́ orí sí ojú ewé tó ṣófo, ó sì ṣe wẹ́kú. Ó mú ìrù náà, ó yí i padà, ó fi ìka pa ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sítáàsì kò kàn án rí. Mo ní, "Àǹtí." Ó gba omi lọ́wọ́ mi, ó mu ún, ó gbé ife kalẹ̀. Ó wo ojú ewé náà fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó dìde, ó ní, "Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn." Ó lọ.

Kò padà wá. Mi ò tíì lẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ ni, mo sì ti ṣe é mọ́ ara ògiri Ìbàdàn tí mi ò lè ka iye rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá lẹ̀ ẹ́, pósítà náà yóò pé, ẹni tó bá mọ̀wé kà yóò kà á dé ìsàlẹ̀, yóò mọ̀ pé eré ni. Ẹni tó yẹ kó kà á kò sí láyé mọ́. Láàárọ̀ yìí mo tún po sítáàsì, mo da omi híhó lé e, mo rò ó títí ó fi ki. Mo ṣí ojú ewé náà sílẹ̀ níwájú mi, mo mú búrọ́ọ̀ṣì dání. Sítáàsì náà ti tutù báyìí, ó ti ń dì lójú, màá lọ dà á nù.